Bí Abẹ́rẹ́ Ṣe Sọ Ọkọ̀ Ìjàpá Di Tirẹ̀

Gbogbo àdúgbò ló ń pe àbúrò mi obìnrin ní Abẹ́rẹ́. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa rò pé nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni, torí ìjókòó ọkọ̀ ló ń rán. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bó bá fi ọ̀rọ̀ gún ọ, ẹ̀jẹ̀ kankan ò ní jáde, ṣùgbọ́n wàá mọ̀ pé nǹkan ti wọlé.

Ọmọ ìrákòrò ni nígbà tí ibà kan mú un. Ibà náà lọ, ó sì mú agbára ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dání lọ. Ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí àlejò tí kì í bá onílé ṣiṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìyá wa pọ̀n ọ́n títí dìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn ìyá wa ò gbà á mọ́, èmi ni mo ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ síléèwé. Bó ṣe dàgbà nìyẹn, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló ń wà ṣáá: ẹ̀yìn ìyá, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn alùpùpù, ìjókòó ẹ̀yìn nínú ọkọ̀ èrò.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òpópónà tí àwọn atúnkọ̀ṣe pọ̀ sí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá kan ló wà níbẹ̀, tó ń gún awọ bí ẹni ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n. Fóòmù wà lókè àjà, awọ wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, páálí tó fi ń ṣe ìwọ̀n ìjókòó oríṣiríṣi ọkọ̀ sì so rọ̀ lórí ìṣó. Bó bá rán ìjókòó awakọ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jókòó lé e. Á di sitíárìn mú, á sún síwájú, á sún sẹ́yìn, láti mọ̀ bóyá fóòmù náà gbani dáadáa. Lẹ́yìn náà á sọ̀ kalẹ̀, á mú ọ̀pá rẹ̀, onímọ́tò á sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Tísà àgbà kan wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọkọ̀ ìjàpá ni wọ́n ní, ọkọ̀ kékeré tó tẹ̀ kodoro lẹ́yìn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, Abẹ́rẹ́ ṣí ìdí rẹ̀ wò, ó sì wá rédíétọ̀ títí, kò rí i.

"Tísà, ibo ni omi rẹ̀ wà?"

"Kò mumi," ni Tísà wí. "Mímí ló ń mí. Fáànù tó o rí yìí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì lára kó má bàa gbóná."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí Tísà, bó bá kí wọn tán, á kí ọkọ̀ wọn. Nígbà tó yá, ojú Tísà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọn ò lè wakọ̀ mọ́, wọ́n sì gbé e sábẹ́ igi kan lẹ́yìn ilé wọn. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á. Abẹ́rẹ́ máa ń yà níbẹ̀ kí bàbá náà, ọkọ̀ yẹn ni yóò sì bá wọn sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù.

Ọjọ́ kan ni Tísà ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ mi fẹ́ kí n fa ọkọ̀ yìí fún àwọn onírin àlòkù, kí wọ́n lọ rún un. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ nìkan lò ń bèèrè àlàáfíà rẹ̀. Wá gbé e lọ."

"Tísà, ẹ ṣáà mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe rí."

"Mo mọ̀. Èmi náà ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mò ń wò."

Èmi àti mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Sùúrù la lọ fi okùn fa ọkọ̀ náà wálé. Orúkọ tí Sùúrù ń jẹ́ yìí, àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́, torí kò sí ohun tí wọ́n lè bi í tí kò ní fi "Ẹ ní sùúrù" dáhùn. Abẹ́rẹ́ ló jókòó sídìí sitíárìn bí a ṣe ń fà á bọ̀, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lé bíréèkì. Bá a ṣe wọ àdúgbò, àwọn èèyàn jáde. Ọkùnrin kan pariwo pé, "Ìjàpá, ṣé ò ń lọ ni àbí ò ń bọ̀?" Àbúrò mi yọrí lójú fèrèsé. "Mò ń bọ̀," ló wí. "Ìwọ tó o ti wà lójú kan látàárọ̀ ni kí n bi."

Ìyá wa jáde sí wa, ìgbálẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ wọn.

"Kí lẹ gbé wọlé yìí?"

"Mọ́tò mi ni, Màmá."

Wọ́n wo inú rẹ̀. Adìẹ kan ti fi ìjókòó ẹ̀yìn ṣe ìtẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n wo ọkọ̀ náà, wọ́n wo ẹsẹ̀ ọmọ wọn, wọ́n tún wo ọkọ̀ náà. "Èyí tí adìẹ pàápàá kó jáde nínú rẹ̀ yìí? Ta ni yóò máa bá ọ wà á?"

"Èmi ni."

Ìyá wa kẹ̀yìn sí wa. Wọ́n wọlé, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. A gbọ́ ìró ilẹ̀kùn náà dáadáa.

Ẹ̀yìnkùlé la ti ń ṣe é, lábẹ́ páànù tí mo ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni mò ń ṣe, ojú ilé ni mo mọ̀, mi ò mọ ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan tó wúwo. Èmi àti Sùúrù la jọ yọ ẹ́ńjìnnì náà láti abẹ́, a gbé e ka orí tábìlì tí Abẹ́rẹ́ fi ń gé awọ tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ àárín àwọn páànù tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹ́ńjìnnì náà ká, bí ẹni tó ń ya irun ọmọ. Ẹrẹ̀ àti ewé tó jáde níbẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́.

Ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà ti dógùn-ún débi pé tí o bá jókòó, wàá máa wo àwọn èèrà nísàlẹ̀. Sùúrù ní kí a wá ilẹ̀ ọkọ̀ mìíràn lọ. Abẹ́rẹ́ ní rárá. Ó tẹ́ páálí síbẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà, ó gé e, ó tún un gé, títí tí páálí náà fi jókòó sínú ọkọ̀ bí ẹ̀wù tí wọ́n wọn mọ́ ènìyàn lára. Ó gbé páálí náà fún wẹ́dà tó wà lójúlé kejì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìyẹn sì gé páànù bá a mu, ó wá fi iná jó o mọ́ ọkọ̀ náà.

"Aṣọ náà ni," ló wí fún mi bí iná wẹ́dà ṣe ń ta yìì. "Ó kàn jẹ́ pé iná ni òwú rẹ̀."

Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ dáhùn, mo jó. Mi ò jẹ́ purọ́, mo jó láàárín àgbàlá pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ gbẹ, ó ń dún tá-tá-tá-tá bí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n ijó yẹn ò pẹ́. Òórùn epo tó ń jó gba gbogbo àgbàlá, Sùúrù sì sáré pa á. Ó gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣeé fi kàn án.

Sùúrù tú kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn, ó tún un ṣe. Ó pààrọ̀ ọ́ìlì. Ó yọ pílọ́ọ̀gì wò. Kò yàtọ̀. Bí wọ́n bá ti tan án, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa rùn. "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀," ni Sùúrù ń tún wí, "a ò mọ èyí tí inú ń run."

Abẹ́rẹ́ gbé àpótí, ó jókòó sídìí ọkọ̀ náà, ó ní kí wọ́n tún un tàn. Ó já fọ́nrán òwú kan, ó ń nà án síwájú, ó ń nà án sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Lókè, fáànù fa òwú náà wọlé. Ìyẹn dára. Ó wá nà án sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí àlàfo wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀. Òwú náà ń fò lọ sókè.

"Sùúrù, wá wo èyí. Atẹ́gùn gbígbóná tó jáde nísàlẹ̀ ló ń gba ibí padà sókè. Òun náà ni fáànù tún ń fà. Ó dà bí ẹni tó bo aṣọ morí, tó ń mí èémí ara rẹ̀."

Sùúrù di orí mú. "Àǹtí Abẹ́rẹ́! Páànù máa ń wà níbẹ̀! Mo máa ń rí i nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ẹnì kan ti tú u dànù lára eléyìí."

Bí wọ́n ṣe padà sídìí páálí àti ṣọ́ọ̀kì nìyẹn. Wọ́n gé páànù tuntun tó pààlà sáàárín òkè àti ìsàlẹ̀, Abẹ́rẹ́ sì rán róbà yí etí rẹ̀ ká kó lè lẹ̀ típẹ́típẹ́. Nígbà tí wọ́n tan ọkọ̀ náà báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ títí, Sùúrù lọ jẹun, ó jẹun dé, ó ṣì ń dún, kò sì rùn.

Nísinsìnyí ló wá ku ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Abẹ́rẹ́ lè tẹ bíréèkì, ó lè tẹná. Kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ kéèyàn tó yí jíà ni ìṣòro. Sùúrù kọ́kọ́ jó irin gígùn kan mọ́ ọn, kó lè máa fi ọwọ́ òsì tì í. Ó dára bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé kọ́nà, ọwọ́ òsì wà lára kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀tún wà lára jíà, sitíárìn ò ní olùtọ́jú. Ògiri wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á.

"Ọwọ́ mẹ́ta lèyí ń fẹ́," ni Abẹ́rẹ́ wí, "Ọlọ́run ò sì fún mi ju méjì lọ."

Inú rẹ̀ ò dùn lọ́sẹ̀ yẹn. Bí mo bá kí i, á dáhùn ṣákálá. Mo rò pé yóò pa ọ̀rọ̀ náà tì. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo bá a lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú Sùúrù, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, Sùúrù fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu kabúrétọ̀ láti fi hàn án bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa atẹ́gùn símú. Ẹ́ńjìnnì náà fa ọwọ́ Sùúrù mọ́ra ṣìn-ìn, ó sì kú.

Abẹ́rẹ́ yí àtẹ́lẹwọ́ Sùúrù wò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bó bá lè fa ọwọ́ rẹ bẹ́ẹ̀, ó lè bá mi fa kílọ́ọ̀ṣì."

Sùúrù rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń rín in lọ, ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í tán lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ní sùúrù," ló wí, ó sì mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ohun tó gbé dé ni agolo irin pẹlẹbẹ kan tó tó àwo ọbẹ̀, tó yọ lára ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n ti pa tì. Ó ní irú rẹ̀ ló ń bá awakọ̀ tẹ bíréèkì kó lè fúyẹ́. Awọ róbà wà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa atẹ́gùn jáde nínú agolo náà, awọ yẹn á sún, irin tó wà lára rẹ̀ á sì fa ohunkóhun tí o bá so mọ́ ọn. Wọ́n fi róbà so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì so irin rẹ̀ mọ́ okùn kílọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo lu ihò sí orí ọ̀pá jíà, a sì fi bọ́tìnnì kékeré kan tó ń ṣí ọ̀nà atẹ́gùn náà síbẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò máa ń gbé. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́. A gbọ́ fùù, kílọ́ọ̀ṣì sì wọlé fúnra rẹ̀, láìsí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bó ṣe rí i, ó kígbe bí ọmọdé.

Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ò tán síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní òun fẹ́ dán an wò láàárín àgbàlá. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó wọ jíà, ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ náà fò bí ọ̀pọ̀lọ́! Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó fò lẹ́ẹ̀kejì, ó já okùn tí aṣọ ìyá wa ń gbẹ lórí rẹ̀, ìró àti búbà bo ojú gíláàsì pátápátá, ó sì kú. Gbogbo wa dúró. Láti inú aṣọ la ti gbọ́ ohùn rẹ̀:

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé mo ti débẹ̀?"

Ẹni tó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín wà lójú fèrèsé ilé ìdáná. Ìyá wa ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àyà mú. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ jáde wá síbi ọkọ̀ náà látìgbà tí a ti gbé e dé. Wọ́n ń ká aṣọ wọn kúrò lórí rẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, rọra o. Kò kúkú sí ẹni tó ń lé ọ."

Sùúrù ní bóyá kí a pààrọ̀ agolo náà. Abẹ́rẹ́ ní ẹ̀ṣẹ̀ agolo kọ́, atẹ́gùn tó ń padà wọ inú rẹ̀ ló ń yára jù. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó bu fóòmù wálé, líle àti rírọ̀. Ó gé díẹ̀, ó kì í bọ inú róbà tí atẹ́gùn ń gbà padà. Líle ti le jù, kílọ́ọ̀ṣì kọ̀, kò fẹ́ tú. Rírọ̀ ti rọ̀ jù, ọ̀pọ̀lọ́ tún dé. Ó ń gé, ó ń kì, ó ń yọ, títí tó fi kan fóòmù tó máa ń lò fún ibi ìgbórílé. Ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀, ọkọ̀ náà sì yọ́ lọ síwájú bí ológbò tó rí eku. Sùúrù bọ́ fìlà, ó gbé e lé Abẹ́rẹ́ lórí.

Ọ̀dà kù, ìyẹn sì ni tèmi. Mo fẹ́ kó jẹ́ aró, àbúrò mi ní àwọ̀ ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lòun fẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá mi," ló wí, "kì í ṣe ògiri o. Mi ò fẹ́ rí ojú búrọ́ọ̀ṣì lára rẹ̀." Mo fi pépà oníyanrìn họ ara ọkọ̀ náà títí ìka mi fi bó. Mo yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà, mo fín in, mo họ ọ́, mo tún un fín. Ilé tí mo ti kùn láyé mi pọ̀, àwọn olówó sì ń gbé inú òmíràn nínú wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan fi hàn nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi, ọkọ̀ yẹn ni n óò mú. Abẹ́rẹ́ rán awọ aláwọ̀ ilẹ̀ sínú rẹ̀, òwú funfun sì la gbogbo etí rẹ̀ já.

Ọ̀gá tó ń dán awakọ̀ wò kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé àṣẹ jẹ́ ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan. Ó rí ọ̀pá Abẹ́rẹ́, ó béèrè pé ta ni yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ wọlé, sà. Òun náà ń bẹ nínú ọkọ̀." A gbéra, èmi wà lẹ́yìn. Ní ìdajì òkè kan, ọ̀gá náà ní kó dúró, kó tún gbéra láìjẹ́ kí ọkọ̀ yí padà sẹ́yìn. Ó dúró. Ó fa bíréèkì ọwọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó wọ jíà, ó tẹná díẹ̀, ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀, ó sì tú bíréèkì ọwọ́. Ìjàpá gun òkè náà lọ bí ẹni pé orí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló wà.

Nígbà tí a padà dé, ọ̀gá náà ò sọ̀ kalẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ń wo abẹ́ jíà. "Ẹ gbọ́, àbúrò ìyàwó mi jẹ́ káfíńtà. Ẹ̀rọ gé e lẹ́sẹ̀ òsì. Ṣé ẹ lè bá a ṣe irú èyí?"

"Ẹ jẹ́ kó wá," ni Abẹ́rẹ́ wí. Orí mi wú.

Nígbà tí ìwé àṣẹ Abẹ́rẹ́ jáde, ọ̀dọ̀ Tísà ló ní òun máa kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà lọ. Ìyá wa múra bí ẹni tó ń lọ sóde, wọ́n jókòó síwájú. Òkè gíga kan wà lójú ọ̀nà, oòrùn sì mú lọ́jọ́ náà. Mọ́tò tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ pọ̀, wọ́n ṣílé ẹ́ńjìnnì, èéfín omi ń jáde, àwọn onímọ́tò mú kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́. Ìjàpá ń dún tá-tá-tá, ó ń gùn lọ. Ìyá wa yí fèrèsé sílẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tí wọn ò kí nínú wọn.

"Ẹ kú ìdúró o! Ẹ kú ìdúró!"

"Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé kí n má kí èèyàn ni? Tiwa ò mumi!"

Ìloro ni Tísà jókòó sí. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà wọn tí wọ́n fi dìde. "Ohùn yẹn," ni wọ́n ń wí, "ohùn yẹn nìyẹn." Wọ́n fi ọwọ́ tọ ọkọ̀ náà láti ojú iná rẹ̀ dé ìdí. Wọ́n jókòó sínú rẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa òwú etí ìjókòó, wọ́n sì dé orí jíà. Àtàǹpàkò wọn kan bọ́tìnnì.

"Kí lèyí?"

"Ẹsẹ̀ òsì mi ni, sà."

Tísà tẹ́tí sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́ fùù tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó gbé àwọn yí ìlú ká. Ìyá wa bọ́ sẹ́yìn, Tísà wà níwájú, wọ́n ń sọ ibi tí a dé fún wa láti inú òórùn àti kọ́nà: "Ilé búrẹ́dì nìyí. Ẹ ti dé iwájú ilé ìwé mi. Ẹ rọra, kòtò kan wà níwájú." Kòtò náà sì wà níbẹ̀.

Káfíńtà wá lóòótọ́. Ọkọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe ìjàpá, omi ló ń mu, iṣẹ́ rẹ̀ sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ àti Sùúrù rí ọgbọ́n dá sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin kan tí apá rẹ̀ kan rọ gbé ọkọ̀ tirẹ̀ dé. Ìdajì irinṣẹ́ Sùúrù ti wà ní ẹ̀yìnkùlé wa báyìí. Bí àlejò bá wọlé, ìyá wa ni yóò mú un lọ síbẹ̀, wọn á máa ṣàlàyé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa kílọ́ọ̀ṣì. Wọn kì í ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ṣàlàyé rẹ̀ pẹ́.

Lọ́jọ́ tí káfíńtà kọ́kọ́ wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde, gbogbo wa dúró lẹ́nu géètì. Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ ò ráyè ìyẹn. Ó di ọ̀pá mú, ó ń pariwo lé ọkùnrin náà lẹ́yìn: "Má tẹná bẹ́ẹ̀! Jẹ́ kó mí! Mo ní jẹ́ kó mí!" Nígbà tí ọkọ̀ náà yà ní kọ́nà, tí a ò rí i mọ́, ó yíjú sí mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ dúró ń wò? Ilẹ̀kùn ọkọ̀ obìnrin tí apá rẹ̀ rọ yẹn ò tíì rí ọ̀dà."